Update Windows 11 wọlé tán, ó tún yí padà lẹ́yìn restart: kóòdù 0x800f0922

Àdùkẹ́_Ìṣirò

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá ẹ̀rọ. Windows 11 23H2 ló wà lórí láptọ́ọ̀pù mi. Update oṣù yìí wọlé dáadáa láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, "Installing" náà sì parí. Àmọ́ tí mo bá ti tẹ "Restart now", tí ẹ̀rọ kú tó tún tàn, á ka nọ́ńbà lọ díẹ̀, á wá kọ ọ́ sójú pé òun ò lè parí update, òun ń dá gbogbo rẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà á gbé mi padà sí ibi tí mo wà tẹ́lẹ̀. Ohun tí Update history ń sọ ni 0x800f0922.

Ààyè tó ṣófo lórí C: jẹ́ 61 GB. RAM jẹ́ 8 GB. BitLocker, tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti díìsìkì, wà ní títàn. Mi ò lo VPN. Áńtífáírọ́ọ̀sì tó bá Windows wá náà ni mò ń lò. Àwọn ìwé ìṣirò owó ló kún inú ẹ̀rọ yìí, n kò sì fẹ́ fọ́máàtì rẹ̀. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ọlọ́nà_Àbáyọ

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Fódà tí Windows ń kó update sí ló ti dàrú. Ẹ tẹ cmd sínú àpótí ìwákiri, ẹ mú "Run as administrator", kí ẹ wá tẹ ìwọ̀nyí ní ìlà kọ̀ọ̀kan:

net stop wuauserv
net stop bits
net stop cryptsvc
ren C:\Windows\SoftwareDistribution SoftwareDistribution.old
ren C:\Windows\System32\catroot2 catroot2.old
net start cryptsvc
net start bits
net start wuauserv

Ẹ tún ẹ̀rọ tan, ẹ padà sínú Windows Update, ẹ tẹ "Check for updates". Tí ren bá dáhùn pé "Access is denied", wuauserv, ìyẹn iṣẹ́ Windows Update, ló ti tún jí fúnra rẹ̀. Ẹ tún un dá dúró, kí ẹ sì tẹ ren kíákíá.

Wáyà_Pupa

Ọlọ́nà, àwọn àṣẹ yẹn péye, ṣùgbọ́n oògùn ibà ni ẹ fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí iṣẹ́ náà ti ń já.

Ìpele mẹ́ta ni update máa ń gbà. Èkíní ni gbígbé fáìlì wọlé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Tó bá já níbẹ̀, kóòdù tó ń yọ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0x8024, ibẹ̀ sì ni SoftwareDistribution ti wúlò jù lọ. Èkejì ni ìgbà tí Windows ń to àwọn fáìlì tuntun sílẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì ń bá iṣẹ́ yín lọ. Tí ilé ìkópamọ́ Windows fúnra rẹ̀ bá ti bàjẹ́, ibẹ̀ ló ti máa ń já pẹ̀lú 0x800f081f tàbí 0x80073712. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀yìn restart, níbi tí Windows ti ń pààrọ̀ àwọn fáìlì tí kò lè fọwọ́ kàn nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, títí kan fáìlì tó ń gbé ẹ̀rọ dìde.

Ìpele kẹta ni ti Àdùkẹ́ ti já. Fáìlì tó dé pátápátá, tó sì ti tò tán, kì í ṣe pé ó bàjẹ́ lọ́nà. Bí ẹ bá yí orúkọ SoftwareDistribution padà, ẹ̀rọ á tún gbé gbogbo update wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀, àkọsílẹ̀ Update history á sì pòórá, bẹ́ẹ̀ àkọsílẹ̀ yẹn la nílò báyìí.

Ohun tí 0x800f0922 ń sọ ni pé iṣẹ́ kan tó yẹ kó parí nígbà ìfisórí kò parí. Ohun méjì ló wọ́pọ̀ nídìí rẹ̀: kí ẹ̀rọ má lè dé ọ̀dọ̀ olùpín update nítorí VPN tàbí ògiri ààbò nẹ́tíwọọ̀kì, tàbí kí ààyè tán nínú ìpín kékeré (partition) tí ẹ̀rọ fi ń gbéra, èyí tí wọ́n ń pè ní EFI. Wọn ò lo VPN. Ìpín kékeré yẹn ni mo fura sí. 61 GB tó ṣófo lórí C: kò lè ràn án lọ́wọ́ rárá, nítorí ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Adé_Sísìtẹ́ẹ̀mù

Kí á tó dé ọ̀dọ̀ ìpín, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ fáìlì Windows wò. Kò lè pa ẹnikẹ́ni lára:

sfc /scannow

Lẹ́yìn náà:

dism /online /cleanup-image /restorehealth

Ìyá_Fáìlì

Adé, ẹ yí ètò yẹn po. DISM ló yẹ kó ṣáájú. Inú ilé ìkópamọ́ Windows, ìyẹn WinSxS, ni sfc ti ń mú fáìlì tó dára láti fi rọ́pò èyí tó bàjẹ́. Tí ilé ìkópamọ́ yẹn bá ti bàjẹ́ fúnra rẹ̀, ibo ni sfc fẹ́ ti rí èyí tó dára? DISM ló ń tún ilé ìkópamọ́ ṣe, sfc á wá tẹ̀ lé e.

Nǹkan méjì tó máa ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn nídìí DISM: ó lè dúró pẹ́ lórí 62.3% bíi pé ó ti kú. Kò tíì kú, ẹ fi í sílẹ̀. Èkejì, tó bá sọ pé òun ò rí orísun fáìlì, ìyẹn 0x800f081f, ẹ gba ISO Windows 11, ìyẹn fáìlì ìfisórí Windows lódindi, tó jẹ́ ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú èyí tó wà lórí ẹ̀rọ yín, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó ṣí bíi díráìfù, ká ní D:, kí ẹ wá tẹ:

dism /online /cleanup-image /restorehealth /source:wim:D:\sources\install.wim:1 /limitaccess

Nọ́ńbà 1 tó gbẹ̀yìn yẹn kì í ṣe ti gbogbo ẹ̀rọ o. Inú fáìlì kan náà ni Home, Pro àtàwọn yòókù wà, kálukú pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ fi èyí wo nọ́ńbà tí ẹ̀yà yín ń jẹ́:

dism /get-wiminfo /wimfile:D:\sources\install.wim

Tí Media Creation Tool lẹ fi ṣe ISO, install.esd lẹ máa bá níbẹ̀. Ẹ pààrọ̀ wim sí esd níbi méjèèjì tó ti yọ nínú àṣẹ àkọ́kọ́.

Kọ́lá_Wàràwàrà

Kí ló dé tí ẹ ń dààmú ara yín? Ẹ tẹ "Pause updates", ẹ lè fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Update oṣù tó ń bọ̀ á wọlé láìsí wàhálà.

Wáyà_Pupa

Kọ́lá, kò ní rí bẹ́ẹ̀. Àkópọ̀ ni update oṣooṣù Windows. Èyí tó ń jáde ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì oṣù máa ń kó gbogbo ohun tó wà nínú ti àtẹ̀yìnwá dání. Ohun tó dá ti oṣù yìí dúró á dá ti oṣù tó ń bọ̀ dúró pẹ̀lú, ihò ààbò inú ẹ̀rọ á sì máa pọ̀ sí i. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣírò owó kọ́ ló yẹ kó wà bẹ́ẹ̀. Pause wúlò tí iṣẹ́ bá ń lé yín lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí, tí ẹ kò fẹ́ kí ẹ̀rọ máa gbìyànjú kó máa já ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti pa á. Kò wúlò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àdùkẹ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ṣe DISM àti sfc, ẹ wo àkọsílẹ̀ CBS. Gbogbo ohun tí ìfisórí ń ṣe ló ń kọ síbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí update já lẹ́ẹ̀kan sí i kí àkọsílẹ̀ lè jẹ́ tuntun, nítorí Windows máa ń di èyí tó ti pẹ́ pọ̀ sínú fáìlì CbsPersist tó parí sí .cab. Ẹ wá tẹ:

findstr /i /c:"bfsvc" C:\Windows\Logs\CBS\CBS.log

Bfsvc ni apá tó ń tọ́jú fáìlì ìgbéra. Tí ẹ bá rí 0x70 lórí ìlà rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yanjú: 0x70 ni nọ́ńbà tí Windows fi ń sọ pé ààyè ti tán lórí díìsìkì.

Ẹ jọ̀wọ́, tó bá ń dá update padà, ẹ má fi ìka tẹ bọ́tìnnì pa á o. Ó lè gba wákàtí kan lórí ẹ̀rọ tó lọ́ra. Ẹ fi ṣájà sí i, kí ẹ fi í sílẹ̀.

Àdùkẹ́_Ìṣirò

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ará. DISM sọ pé kò sí ohun tó bàjẹ́, sfc náà sọ bẹ́ẹ̀. findstr mú ìlà mélòó kan jáde, 0x70 sì wà lórí méjì nínú wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan rú mi lójú: mo ṣí Disk Management, mo rí ìpín EFI tó jẹ́ 100 MB, wọ́n sì kọ "100% free" sí i. Báwo ni ààyè ṣe tán nínú ohun tó ṣófo?

Ìyá_Fáìlì

Kò ṣófo rárá. Ìpín EFI kò ní lẹ́tà díráìfù, nítorí náà Disk Management kò rí inú rẹ̀, ó kàn ń kọ 100% sí i lára. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ìlà yẹn ti ṣì lọ́nà. Ẹ fún un ní lẹ́tà fún ìgbà díẹ̀:

mountvol S: /s
fsutil volume diskfree S:
dir S:\ /s /a

Inú Command Prompt ni kí ẹ ti tẹ̀ wọ́n. Tó bá jẹ́ PowerShell lẹ ṣí, dir pẹ̀lú /a kò ní gbà. Ẹ wo iye tó ṣófo, kí ẹ tún wo fódà wo ló wúwo jù. Tí ẹ bá ti ṣe tán, mountvol S: /d á gba lẹ́tà yẹn padà.

Àdùkẹ́_Ìṣirò

96 MB ni fsutil pe gbogbo rẹ̀. 5 MB péré ló ṣófo. Fódà mẹ́ta ló wà nínú S:\EFI: Microsoft, Boot, àti èyí tó ń jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló wúwo jù, ó ju 50 MB lọ, fáìlì .bin ló sì pọ̀ nínú rẹ̀.

Kọ́lá_Wàràwàrà

Ẹ pa fódà ilé iṣẹ́ yẹn rẹ́. Windows kò lò ó láti fi gbéra.

Wáyà_Pupa

Ẹ dúró o, mà! Ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan.

Òótọ́ ni pé Windows kò nílò rẹ̀ láti fi gbéra, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lè nílò rẹ̀. Nínú irú fódà bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe láptọ́ọ̀pù máa ń fi ẹ̀dà BIOS, ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dìde, sí, kí ẹ̀rọ lè gba ara rẹ̀ là tí BIOS bá bàjẹ́ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ di tuntun. Irinṣẹ́ àyẹ̀wò tí ẹ lè ṣí kí Windows tó dìde náà lè wà níbẹ̀. Ẹni tó bá pa á rẹ́ kò ní rí àléébù lónìí. Ọjọ́ tí BIOS bá dàrú ni yóò mọ̀.

Ohun tí kò léwu, tí Microsoft fúnra rẹ̀ sì kọ sínú ìlànà rẹ̀ fún irú ìṣòro yìí, ni pé kí ẹ kó àwọn fọ́ǹtì ìgbéra kúrò. Wọ́n wà fún àwọn èdè tí ojú ìwé ìgbéra lè fi hàn. Ẹ̀rọ á dìde láìsí wọn. 15 MB ló yẹ kó ṣófo kí update lè ráyè, fọ́ǹtì yẹn sì lè tó 10 MB tàbí kó jù bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ BitLocker lẹ máa kọ́kọ́ bójú tó. Tí ìpín ìgbéra bá yí padà lọ́nà tí ẹ̀rọ kò retí, ó lè béèrè kọ́kọ́rọ́ ìgbàlà oní-nọ́ńbà 48 nígbà tí ẹ bá tàn án. Ẹni tí kò bá ní kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ́wọ́ kò ní rí fáìlì rẹ̀ mọ́. Ẹ fi àṣẹ yìí wo kọ́kọ́rọ́ yín, kí ẹ dà á kọ sórí ìwé, ẹ má fi pamọ́ sínú láptọ́ọ̀pù kan náà:

manage-bde -protectors -get C:

Lẹ́yìn náà ẹ dá ààbò rẹ̀ dúró:

manage-bde -protectors -disable C: -rc 0

-rc 0 ń sọ fún un pé kó dúró bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi tàn án padà fúnra yín. Láìfi í kún un, ààbò á padà lẹ́yìn restart kan, bẹ́ẹ̀ update lè ṣe ju restart kan lọ. Àṣẹ yìí kò tú fáìlì yín sílẹ̀ kúrò nínú ìdìpọ̀ o, ó kàn fi kọ́kọ́rọ́ sára ilẹ̀kùn fún ìgbà díẹ̀ ni. Fún ìdí yẹn, ẹ má gbé láptọ́ọ̀pù jáde kúrò nílé ní àkókò yẹn.

Ẹ wá ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú EFI, kí ẹ tó kó fọ́ǹtì kúrò:

mountvol S: /s
robocopy S:\EFI C:\efi_eda /e
del S:\EFI\Microsoft\Boot\Fonts\*.*
fsutil volume diskfree S:
mountvol S: /d

Nígbà tí del bá béèrè bóyá ó dá yín lójú, ẹ ka ìlà tó kọ síwájú yín dáadáa. Ó gbọ́dọ̀ parí sí Fonts\*.* Tí ẹ bá fi àṣìṣe gbé e dúró sí Boot, ẹ̀rọ kò ní dìde mọ́, ayàfi pẹ̀lú fláàṣì Windows àti bcdboot, àṣẹ tó ń tún fáìlì ìgbéra kọ.

Adé_Sísìtẹ́ẹ̀mù

Àfikún kan fún ẹlòmíràn tó bá ń ka èyí: tí Linux bá ti wà lórí ẹ̀rọ yín rí, tí ẹ ti yọ ọ́ kúrò, fódà rẹ̀ á ṣì wà nínú S:\EFI, nítorí pípa ìpín Linux rẹ́ kì í kan EFI. Irú èyí ni ẹ lè pa rẹ́ láìbẹ̀rù. Tí ẹ bá ṣì ń lo Linux náà ńkọ́? Ẹ má fọwọ́ kàn án.

Àdùkẹ́_Ìṣirò

Mo tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó ti di 18 MB tó ṣófo. Mo tẹ "Retry", ó restart lẹ́ẹ̀mejì, update sì ti wọlé! Mo tẹ winver, nọ́ńbà tuntun ló ń fi hàn. Mo ti tan BitLocker padà pẹ̀lú manage-bde -protectors -enable C:. Ọlọ́run á bù kún yín.

Ìbéèrè kan ló kù: ṣé ó tún lè ṣẹlẹ̀?

Ìyá_Fáìlì

A bá yín yọ̀. Ó lè ṣẹlẹ̀ o. Update tó bá tún fáìlì ìgbéra ṣe lè dá fọ́ǹtì yẹn padà, BIOS tuntun náà sì lè fi .bin mìíràn kún un. Ojútùú tó máa pẹ́ ni kí ìpín yẹn tóbi sí i. 100 MB ti kéré jù. Ìmọ̀ràn Microsoft fún àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ni pé kó má dín ní 200 MB.

Wáyà_Pupa

N kò ní gba ẹni tó ní ìwé ìṣirò owó nínú ẹ̀rọ nímọ̀ràn yẹn báyìí. Ìpín MSR, tí Windows fi pamọ́ fún ara rẹ̀, tó jẹ́ 16 MB ló sábà máa ń wà láàrin EFI àti C:, ìyẹn wà lára ìdí tí Disk Management kò fi lè na EFI. Ó di dandan kí ẹ lo irinṣẹ́ ẹlòmíràn tó máa sún C: sẹ́yìn, tí iná bá sì lọ tàbí bátìrì kú lágbede méjì, gbogbo C: lè lọ.

Ìyá_Fáìlì

Ọ̀nà tí kò sún C: wà, ẹ̀gbọ́n. Ẹ gé 300 MB kúrò ní ìparí C:, ẹ fi ṣe ìpín EFI tuntun nínú diskpart, irinṣẹ́ Windows tí wọ́n fi ń pín díìsìkì, ẹ fọ́máàtì rẹ̀ sí FAT32, ẹ fún un ní lẹ́tà T, kí ẹ wá tẹ bcdboot C:\Windows /s T: /f UEFI. C: kò kúrò ní ààyè rẹ̀. Ẹ fi ti àtijọ́ sílẹ̀ títí ó fi dájú pé ẹ̀rọ ń gbéra láti inú tuntun. Mo gbà pẹ̀lú yín pé kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fáìlì wọn sórí díìsìkì ìta.

Wáyà_Pupa

Ìyẹn dára ju sísún lọ. Síbẹ̀, ẹni tó mọ diskpart dáadáa ni kó ṣe é, nítorí kì í béèrè ìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì. Fún Àdùkẹ́, kí wọ́n kàn tọ́jú C:\efi_eda, kí wọ́n sì yẹ S: wò tí 0x800f0922 bá tún yọjú.

Bọ́sẹ̀_Aláwọ̀ṣe

Ẹ jọ̀wọ́, tèmi jọ èyí díẹ̀. Windows 10, KB5034441, kóòdù 0x80070643. Ṣé fọ́ǹtì náà ni kí n kó kúrò?

Ìyá_Fáìlì

Rárá, ìpín mìíràn ni tiyín. Oṣù kìíní ọdún 2024 ni KB5034441 jáde, ìpín Recovery, níbi tí WinRE, ètò tí Windows fi ń tún ara rẹ̀ ṣe, ń gbé, ló fẹ́ tún ṣe. 250 MB ló nílò níbẹ̀. Ẹ tẹ reagentc /info. Tó bá sọ pé "Disabled", ẹ kọ́kọ́ tẹ reagentc /enable. Tó bá jẹ́ "Enabled", ẹ wo nọ́ńbà díìsìkì àti ti ìpín tó wà lórí ìlà "location", kí ẹ wá fi wọ́n ránṣẹ́ síbí pẹ̀lú àwòrán Disk Management yín. Bí ìpín Recovery bá wà lẹ́yìn C: ní tààrà, a lè gé 250 MB lára C: fún un. Bó bá wà níwájú C:, ọ̀nà rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ má tẹ ohunkóhun nínú diskpart kí a tó rí àwòrán náà.

Bọ́sẹ̀_Aláwọ̀ṣe

"Enabled" ni. Harddisk0, partition4. Mò ń ya àwòrán rẹ̀ lọ́wọ́.